Nọ́ńbà Etí Màlúù Tó Ti Kú

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ má dárúkọ mi o. Èmi ni mò ń kọ nọ́ńbà tí wọ́n so mọ́ etí màlúù sílẹ̀ lódò ẹran, kí a lè mọ oko tó ti wá kí wọ́n tó pa á. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fa màlúù kan wá tó ń da itọ́ lẹ́nu, àmọ́ màlúù mìíràn tí a ti pa lóṣù tó kọjá ló ni nọ́ńbà etí rẹ̀.

"Bọ̀dá, òkú ló ni nọ́ńbà yìí o."

"Ìyàwó, ṣáà kọ ọ́. Ṣebí èmi ni mo tọ́ ọkọ rẹ?"

Bí ẹran yẹn bá kó àìsàn ran èèyàn, ta ló máa mọ oko tó ti wá? Mo yọ́ pe dókítà ẹranko, wọ́n sì gbé màlúù náà lọ. Ní báyìí, Bọ̀dá ń wá ẹni tó fi àwọn sùn, èmi gan-an ni wọ́n sì ní kí n bá àwọn wá a! Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún ọkọ mi, àbí kí n panu mọ́?