Àtẹ̀jíṣẹ́ Ìkẹ́dùn Lórí Ìyá Tó Wà Láàyè

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-Ìwòsàn Ìjọba,
Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá ọlọ́wọ̀,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN ÈTÒ KỌ̀ǸPÚTÀ TÓ Ń FI ÀTẸ̀JÍṢẸ́ RÁNṢẸ́ SÍ ẸBÍ ALÁÌSÀN ṢE, KÍ Ẹ SÌ JẸ́RÌÍ ÀṢÌṢE RẸ̀ LÓJÚ ÌYÁ MI

1. Aránṣọ ni mí. Èmi ni àkọ́bí obìnrin tí gbogbo àdúgbò wa ń pè ní Màmá Oníbúrẹ́dì, tí àwọn dókítà yín ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún lóṣù tó kọjá. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tọkàntọkàn. Kì í ṣe ẹjọ́ wọn ni mo wá rò. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, nítorí pé mi ò lè ro ẹjọ́ yín kí n má ro tara mi mọ́ ọn.

2. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọ fóònù mi láti orí nọ́ńbà ilé-ìwòsàn yín, nọ́ńbà kan náà tí ẹ fi sọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wa. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "A bá yín kẹ́dùn ikú èèyàn yín tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹfà. Ẹ wá sí ilé ìgbókùúsí lọ́la láti ṣètò bí ẹ ó ṣe gbé òkú." Bẹ́ẹ̀dì ìyá wa ni kẹfà. Aṣọ ìyàwó kan ni mò ń rán lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi kò kúrò lórí maṣíìnì. Ó ń wà á lọ, abẹ́rẹ́ sì ń gún ibi tí kò yẹ kó gún.

3. Mo pe nọ́ńbà yín títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Fóònù ìyá wa wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, a ò sì ní ọ̀nà mìíràn tá a fi lè gbọ́ ohùn wọn. Àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ awakọ̀, fẹ́ sáré wá sọ́dọ̀ yín. Èmi ni mo dá a dúró, mo ní ilé-ìwòsàn ti sọ pé ọ̀la ni. Mo pe àbúrò ìyá wa, tí a ń pè ní Ìyá Kékeré. Kó tó di ọ̀sán, ilé ti kún fún èrò. Ìyàwó àbúrò mi ti tú bẹ́ẹ̀dì ìyá wa palẹ̀, ó ń di aṣọ wọn sínú àwọn àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n kó pa mọ́ látijọ́. Àbúrò mi ń ka ìṣísẹ̀ láti mọ bí yàrá náà ṣe fẹ̀ tó, ó ní àyè rẹ̀ á gba àwọn ọmọ òun.

4. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni dókítà ní kí ìyá wa máa lọ sílé, ṣáájú ìgbà tí wọ́n dá fún wa. Ìyá wa dúró gba oògùn títí di ọ̀sán, wọ́n wọ takisí, wọ́n sì fi ọ̀pá rìn gba ẹ̀yìnkùlé, torí pé àtẹ̀gùn iwájú ilé ga. Wọ́n gbọ́ ẹkún. Wọ́n rò pé ẹlòmíì nínú ilé ló kú, wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ tí èmi àti Ìyá Kékeré ń sọ nínú ilé nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún Ìyá Kékeré lẹ́yìn náà.

5. Ìyá Kékeré ń rẹ̀ mí lẹ́kún, wọ́n ní mo ti gbìyànjú, pé èmi ni mò ń gbé ìyá mi dìde lóru láti ìgbà tí orúnkún wọn ti ń dùn wọ́n. Mo dá wọn lóhùn. Mo ti rò ó pé kí n fo ìlà yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá fò ó, ẹ kò ní mọ ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín. Mo ní: "Ó ti rẹ̀ mí, Ìyá Kékeré. Kí n má purọ́ fún yín, nígbà tí mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé màá lè sùn wàyí."

6. Ìgbà tí mo jáde láti da omi nù ni mo rí ìyá wa. Omi náà dà sí mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo àpò ìyẹ̀fun tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí apá búláòsì wọn yọ síta níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ariwo sọ, àwọn kan sá, àwọn kan ń yọ̀, Ìyá Kékeré dì mọ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Ìyá wa kò wọ inú ilé. Ilé Ìyá Kékeré ni wọ́n ní kí takisí mìíràn gbé àwọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di òní.

7. Mo lọ fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà han ìyá mi níbẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè tẹ ohun tó bá wù ú sórí fóònù. Mo wá kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín. Èsì tí ẹ fún mi ni pé kò sí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ yín. Ìyá mi ní kí wọ́n ka èsì náà sí àwọn létí. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tó jókòó sí wọn lọ́kàn ni pé àwa ọmọ la hùmọ̀ ikú wọn, kí a lè pín yàrá. Ọ̀rọ̀ ti dé ìta. Ẹni tó ni aṣọ ìyàwó tí mò ń rán wá gba aṣọ rẹ̀ nígbà tí mo ṣì rán apá kan ṣoṣo sí i, kò sì wo ojú mi.

8. Mo wá sí ilé-ìwòsàn yín fúnra mi. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà yín ló gbà mí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì là á yé mi. Ètò tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní fáìlì kan tí ẹ kọ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ sí: bí bẹ́ẹ̀dì bá ṣófo torí pé aláìsàn ń lọ sílé, kó kí ẹbí kú oríire, bó bá jẹ́ ikú, kó dúró de àṣẹ mátírọ̀nù. Ní àárọ̀ yẹn, ẹnì kan fi wọ́ọ̀dù tuntun kún fáìlì náà, ó sì gbàgbé àmì kékeré kan ní ìparí ìlà. Ètò náà kò lè ka fáìlì mọ́. Dípò kó dúró kó sì figbe ta, ó dákẹ́, ó lọ mú àpẹẹrẹ ìlànà tí àwọn tó ṣe é fi sínú rẹ̀, bóyá fún àdánwò lásán. Nínú àpẹẹrẹ yẹn, bẹ́ẹ̀dì tó bá ti ṣófo, ikú ni. Àpẹẹrẹ náà kò sì ní kó tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tó bá fi ránṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ́fíìsì yín kò fi rí nǹkan kan. Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ gba irú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì dákú sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí. Mo ní kó kọ gbogbo èyí sílẹ̀ fún mi. Ó ní òun kò lè ṣe é láìgba àṣẹ yín.

9. Ẹ̀bẹ̀ mi lórí ètò náà kò le. Bí kò bá lè ka fáìlì tirẹ̀, kó dúró, kó sì sọ ìlà tí àṣìṣe wà fún ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Kí ẹ yọ àpẹẹrẹ yẹn kúrò pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni bá yí fáìlì padà, kí ètò náà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á. Bí kò bá pé, kó máa lo èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀. Kó máa tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ohun tó bá rán, fáìlì ì báà dára tàbí kó bàjẹ́. Ní ti ikú, ẹ jọ̀wọ́, kí èèyàn máa fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹbí.

10. Ẹ̀bẹ̀ tó kù ni pé kí ẹnì kan láàárín yín lọ bá ìyá mi nílé Ìyá Kékeré, kó sọ fún wọn lójúkojú pé ilé-ìwòsàn ló rán iṣẹ́ náà, pé ọmọ wọn kankan kò hùmọ̀ rẹ̀. Mi ò ní tẹ̀ lé e lọ. Ní ti ohun tí wọ́n gbọ́ lábẹ́ fèrèsé, ẹ má bá mi ṣàlàyé rẹ̀, ẹ má sì sọ pé kọ̀ǹpútà ló fà á. Ẹnu mi ló ti jáde, èmi ni màá kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún mi níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì gbà pé èmi ni mo kéde ikú wọn.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ojú títì,
Aránṣọ Ojúlé Kejìlá,
Àkọ́bí Màmá Oníbúrẹ́dì.