Igi Máńgòrò Màmá Ṣọlá

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, Baṣọ̀run

Ẹsẹ̀ mi ṣì wú, àmọ́ ọpẹ́ ló kún ẹnu mi.

Láti ìgbà tí mo ti fi sólà sórí òrùlé ni èmi àti Màmá Ṣọlá, tí ògiri kan péré pààlà wa, ò ti kí ara wa dénú mọ́. Igi máńgòrò wọn ń ṣíji bo sólà mi tó bá ti di ọ̀sán. Mo ní kí wọ́n gé e. Wọ́n ní ọkọ àwọn tó ti di olóògbé ló gbìn ín.

Lọ́sàn-án yìí mo yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Fóònù mi wà ní pálọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kígbe, Màmá Ṣọlá ti dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri: "Ìyá Túndé, kí ló ṣe ẹ́?" Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n gbé mi dìde, wọ́n fi òrí ra ẹsẹ̀ mi.

Mo bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe gbọ́.

"Ṣebí jẹnẹrétọ̀ rẹ ò pariwo mọ́ láti ìgbà tí o ti ní sólà."

Ká ní mo tan án lọ́sàn-án yìí ni…

Mo ti pe ẹni tó bá mi ṣe sólà. Ó ní tí òun bá gbé e lọ sí apá kejì òrùlé tí igi náà ò ṣíji bò, oòrùn ibẹ̀ ò pọ̀, iná mi á dínkù. Mo ní kó dínkù.