Irin Alábàwọ́n Ló Yege

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Bàbá ti ń san, wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn. Màmá ní kí ẹ má gbàgbé oògùn ojú àwọn.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mò ń ṣe níbi iṣẹ́, bó bá tutù gan-an, iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìṣòfò. Ṣùgbọ́n agbára mágínẹ́ẹ̀tì máa ń wọ inú rẹ̀, á máa yí bí ààjà kéékèèké. Bí àwọn ààjà náà bá ti ń rìn, iná bẹ̀rẹ̀ sí ṣòfò nìyẹn. Èyí tí mo ṣe tó mọ́ tónítóní kò dá wọn dúró. Èyí tó ní ihò wínníwínní, tí mo fẹ́ dà nù, ló dì wọ́n mú pinpin.

Ọ̀gá mi ní, "Òun la máa fi han àwọn tó ń gbọ́ bùkátà yàrá iṣẹ́ wa. Bí wọn ò bá rí nǹkan gidi, wọ́n á tì í."

Mo ní, "Mi ò mọ bí ihò yẹn ṣe débẹ̀, sà."

Ọ̀gá ní, "Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi, orí mi dàrú. Inú mi ń dùn, ojú sì ń tì mí. Ṣé kí n sọ ọ́ lóòótọ́?

Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì. Mo ti ń gbìyànjú láti ṣe òmíràn tó ní irú ihò yẹn, àmọ́ mímọ́ ló ń mọ́ ṣáá.

Èmi àbúrò yín.