Sẹ́ńsọ̀ Ńlá fún Màrdíyyàh

Àkàndé àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún Alhaja ìyá wa ti ń san.

Jọ̀ọ́, má tíì ra kámẹ́rà Màrdíyyàh ọmọ mi. Yàrá àwọn obìnrin níbi yìgì ló ti ń ya fídíò, wọn kì í sì í jẹ́ kó tan iná sí wọn lójú. Èyí tó yà ní Ìjàgbó ṣókùnkùn, ó rí ṣákiṣàki. Ìyá ìyàwó ní, "Ọmọ mi rèé àbí òjìji?" Màrdíyyàh wá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò gbà!

Sẹ́ńsọ̀, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà rẹ̀, ló kéré. Bí abọ́ nínú òjò ni: èyí tẹ́nu ẹ̀ fẹ̀ ló ń gbomi. Má wo nọ́ńbà ńláńlá tí wọ́n kọ sára páálí kámẹ́rà. Sẹ́ńsọ̀ ńlá ni kó o bèèrè, ìbáà jẹ́ àlòkù.

Fi ránṣẹ́ kí Iléyá tó dé. Ìyàwó kan l'Ọ́fà ti ń wá Màrdíyyàh, mo sì ti bá a gba iṣẹ́ náà.

Ọlọ́hun á ṣọ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Asiata