Ọ̀nà Tí Ẹgbẹ́ Onílé Ní Kí N Wó

                                                  Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                                  Òpópónà Kejì.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Eyín tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn? Ara gbogbo wa le níbí, mo sì dúpẹ́.

O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí ilé tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ onílé tí o fẹ́ rà, torí ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àwa ti ń gbé lábẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò ní pe dúdú ní funfun fún ọ. Wọ́n máa ń yọni lẹ́nu. Wọ́n ti kọ̀wé sí wa nítorí aṣọ tí a sá síwájú ilé, wọ́n sì ní ọ̀dà tí a fi kun ilẹ̀kùn pupa jù. Ìyàwó mi bi wọ́n bóyá ó ta sí wọn lójú ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí egungun ìbàdí wọn ti kán ni wọ́n ti ń lo àga onítáyà, àtẹ̀gùn mẹ́ta iwájú ilé wa kò sì jẹ́ kí wọ́n lè dá jáde. Odidi oṣù márùn-ún, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń wo òpópónà. Wọn kì í ráhùn, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ra sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn, mo sì fọwọ́ ara mi ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lé orí àtẹ̀gùn náà. N kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní, ta ni yóò sọ pé kí ìyá mi má jáde?

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí lẹ́tà fi dé pé kí n wó o. Ẹni tó fẹjọ́ sùn ni ará ilé kejì wa, tíṣà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Olódòdó nítorí òdòdó tó gbìn yí ilé rẹ̀ ká. Inú bí mi débi pé n kò kí i mọ́. Mo kọ àlàyé olójú-ìwé mẹ́fà, mo gbé e lọ sí ìpàdé. N kò tíì kà ju ẹyọ kan lọ tí Olódòdó fi nawọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, ìwé rẹ dùn. Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ gbé Màmá sọ̀ kalẹ̀, ṣé ìwọ lò ń ti àga ni, àbí àga ló ń wọ́ ọ?"

Ẹ̀rín sọ. Ojú tì mí, torí òótọ́ ni: díẹ̀ ló kù kí àga já mọ́ mi lọ́wọ́. Alága wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọ̀nà náà dagẹ̀rẹ́ jù, pé Màmá yóò fi orí sọlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá gbà á. Mo ti wọn àga, mo ti wọn ẹnu ọ̀nà, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àṣé agbára apá tèmi ni mo fi ṣírò ọ̀nà náà, n kò ro ti apá Màmá.

Wọn kò dá mi láre. Wíwó náà ni wọ́n fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bíríkìlà tó ń gbé ojúlé kẹrin gbé òòlù dé, àwọn ará àdúgbò mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tó gùn, tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ni wọ́n fẹ́ ṣe, ilẹ̀ wa kò sì gbà á. Olódòdó fúnra rẹ̀ ló hú ìlà òdòdó kan, ó ní kí wọ́n gba orí ilẹ̀ òun kọjá. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé n kò kí i mọ́, ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn.

"Fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ jàre, gbé omi wá!"

Nítorí náà, ra ilé náà, ṣùgbọ́n ka òfin wọn kí o tó gbé iyanrìn. Wọn yóò yọjú sí ọ̀rọ̀ rẹ ju bí o ṣe fẹ́ lọ. Ní tèmi, mo dúpẹ́ pé ẹnì kan ń wo ilé wa lọ́jọ́ náà.

Lánàá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, n kò bá Màmá ní yàrá. Mo wo ilé ìdáná, mo wo ilé ìwẹ̀. Àṣé wọ́n ti dá gba ọ̀nà tuntun náà dé iwájú ilé bíríkìlà, àwọn àti ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n tì wọ́n bọ̀ wálé. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́? Máa lọ, mo ń bọ̀ tí mo bá ṣetán."

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ dáadáa. Ìyàwó mi náà ń kí yín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ǹṣì ilé ìwé,

Akọ̀wé.