Ẹ Má Da Kọnkéré Sínú Kòtò Òpó Rédíò

Bàbá Nevena, ẹ má da kọnkéré o. Lẹ́yìn tí ẹ lọ ra sìmẹ́ńtì láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ kòtò ya lulẹ̀, omi sì ń sun láti ìsàlẹ̀. Mo pe Penko bíríkìlà wá wò ó.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹrọ̀fọ̀ lèyí! Ìjì kan péré, òpó á wó lu ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì."

Mo bi í bóyá ibòmíì lè gbà á nínú ọgbà. Ó kàn mirí ni.

Mo mọ̀ pé ohùn Asen àbúrò yín lẹ ń wá. Àmọ́ àwọn tí òpó tiwọn ga létíkun pàápàá kò gbúròó ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ mọ́ láti ìgbà òtútù.

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀wà wà lórí sítóòfù. Ẹ má tíì sọ ti ọkọ̀ náà fún ìyá yín.

Stanka