Máṣíìnì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá 2025

Wọ́n ti fi ẹlòmíràn jókòó sídìí tábìlì mi ní pírẹ́ẹ̀sì. Mo rí i lánàá bí mo ṣe ń kọjá ní Bájùláyé — ọmọbìnrin tín-ín-rín kan, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Kò mọ̀ mí. Mo kí i, ó dáhùn láìgbójú sókè.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń to ìwé níbẹ̀ tí mo fi ń dì í, kí ẹ̀rọ agéwèé tó gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì mi: èyí tí a fi ń lá ọbẹ̀, àti èyí tó gùn jù. Ó di oṣù méje báyìí. Ọ̀gá fún mi lówó pé kí n fi gbàgbé. Màámi ní kí n fi ra fíríìsà, kí n máa ta omi tútù níwájú ilé. Mi ò fẹ́ jókòó ti fíríìsà. Mo ti jókòó tó.

Máṣíìnì ni mo fẹ́ rà, alùpùpù. Èmi Waliyat, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí mi ò gun kẹ̀kẹ́ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá Payí. Ikúmápàyí lorúkọ rẹ̀ gan-an, àbúrò Màámi. Ọdún méjìdínlógún ló fi gun ọ̀kadà kí wọ́n tó lé ọ̀kadà kúrò ní Ṣómólú. Látìgbà náà, géètì ilé-ìwé kan ní Àkọkà ló ń ṣọ́. Kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ.

Mo rò pé á fi mí rẹ́rìn-ín. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n fi ọwọ́ òsì mi fún un le, bí agbára mi bá ṣe mọ. Mo fún un. Ó wo ojú mi.

"Ledíìsì ni tìẹ."

Ledíìsì — máṣíìnì kékeré yẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ ń gùn. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì, irin tí ọwọ́ òsì máa ń fún mọ́ra kí máṣíìnì má baà fò lọ. Ẹsẹ̀ lásán lo fi ń yí jíà rẹ̀, ọwọ́ òsì kàn máa ń dúró síbẹ̀ ni. Mo ní màá rò ó.

Mi ò rò ó.

Ọjọ́ Jímọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ bá Ọ̀gá Babájídé, tó ń bá àwọn onípírẹ́ẹ̀sì gbé iṣẹ́ lọ fún oníbàárà. Ó mọ̀ mí látijọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nípa ọwọ́ mi. Inú àpò aṣọ ni mo fi í sí títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ó ní òun ń wá ẹni tó mọ gbogbo pírẹ́ẹ̀sì Bájùláyé bí ẹní mowó, kí n ṣáà ní máṣíìnì ara mi. Mo ní bó bá jẹ́ ledíìsì ńkọ́? Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n káàdì ìgbéyàwó àti ìwé pélébé ni màá máa gbé. Àwọn tó ní máṣíìnì ńlá ló ń gbé páálí.

Lọ́rọ̀ kan, iṣẹ́ arọ. Kò pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo pè é bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Èmi àti Bọ̀ọ̀dá Payí lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mákánjúọlá ní Fọlá Àgòrò. Mẹkáníìkì ni, ọmọ Abẹ́òkúta, ó máa ń tún máṣíìnì tòkúnbọ̀ ṣe, á sì tà á. Ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ó kọ́kọ́ nu ọwọ́ epo rẹ̀ dáadáa kó tó kí wa.

Mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ledíìsì aláwọ̀ búlúù, wọ́n ti rán ìjókòó rẹ̀ — mo sọ ọ́ ní Ìyáàgbà. Ọ̀kan tó ń rú èéfín bí ẹni ń dáná igi. Àti Adúmáadán. Dúdú, gíga, táyà rẹ̀ tuntun, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó páálí mẹ́rin.

Mákánjúọlá ní, "Ẹ má fi ojú yàn án, Àǹtí. Ẹ jókòó lé e. Ẹsẹ̀ yín méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa. Bó bá ṣubú, ẹ gbọ́dọ̀ lè gbé e dìde fúnra yín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kì í mú èyí tó lágbára jù ú lọ." Ó ní kí n gbé Ìyáàgbà. Ó ní tí n bá mọ̀ ọ́n gùn tán, tí mo bá fẹ́ ńlá, kí n gbé e padà wá, òun á bá mi pààrọ̀.

Ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ lórí Adúmáadán. Ẹsẹ̀ mi gùn, ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo ti ki fóòmù sínú ìka méjì tó ṣófo. Ó ní kí n fún kílọ́ọ̀ṣì. Mo fún un lẹ́ẹ̀mejì, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó le díẹ̀ o. Ṣé ọwọ́ yín gbà á?" Mo ní ó gbà á.

Bọ̀ọ̀dá Payí fà mí sẹ́yìn. "Kí n sọ fún un?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wolẹ̀. Kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Adúmáadán ni mò ń rò. Kódà lórí ìrun.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Mo ti rà á. Mákánjúọlá tú wáyà kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lójú mi, ó sì fi tuntun sí i láìgba kọ́bọ̀. Ó ní èyí ò ní já lọ́dún yìí. Màámi wò ó láti ojú fèrèsé, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Pápá ilé-ìwé ní Àkọkà, àárọ̀ kùtù. Máṣíìnì kú mọ́ mi lábẹ́ ju ogún ìgbà lọ. Tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀ — díẹ̀díẹ̀ — ó kú. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé e dìde fúnra mi. Bọ̀ọ̀dá Payí pàtẹ́wọ́. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn. Ó ní òun ti gbàgbé bí òórùn epo ṣe ń dùn láàárọ̀.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá

Ọwọ́ wú. Omi gbígbóná àti iyọ̀. Mo sọ fún Màámi pé ilẹ̀kùn ló gbá mi.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá

Mo gùn ún láti Àkọkà dé Bàrígà! Òpópónà inú ni o, títì ò sì kún, ṣùgbọ́n èmi ni mo gùn ún. Jíà kẹta. Atẹ́gùn wọ inú híjáàbù mi lábẹ́ akoto. Àwọn ọmọ kan pariwo "Àǹtí alùpùpù!" Àǹtí Kùdí, Kùdírátù ìyàwó Bọ̀ọ̀dá, jáde síta wò mí. Ó gbé idẹ ẹ̀pà kan nínú ọjà rẹ̀, ó fi jó lójú títì. Ó ní bí òun bá ṣì kéré ni, òun náà á gùn ún.

Ọ̀gá Babájídé ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Kílọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù. Tí a bá dúró lójú kan pẹ́, ìka méjì tó kù máa ń kú tipiri. Mi ò sọ fún Bọ̀ọ̀dá Payí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹwàá

Bọ̀ọ̀dá Payí wà ní ọsibítù. Èmi ni mo ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹwàá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun tí àwọn èèyàn ń sọ gbọ́.

Aago mẹ́jọ àárọ̀. Bọ̀ọ̀dá Payí ní ká jáde sí títì gidi, òun á jókòó sẹ́yìn mi. A kọjá Bájùláyé wọ́ọ́rọ́wọ́. A dé oríta kan ní Fọlá Àgòrò, ọkọ̀ ń kọjá níwájú wa láìdáwọ́ dúró. Mo wà ní jíà kìn-ín-ní, mo fún kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ọwọ́. Ó ní, "Dá a sí fíríì, kí ọwọ́ rẹ sinmi." Mo ní, "Ó ti fẹ́rẹ̀ kàn wá." Irọ́. Fíríì, ibi tí jíà kì í ti í fa máṣíìnì, ló máa ń ṣòroó rí fún mi, mi ò fẹ́ kó mọ̀. Ìka kékeré kọ́kọ́ kú. Ìkejì tẹ̀ lé e. Mò ń wo ọwọ́ náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Ó ṣí.

Máṣíìnì fò jáde. Jìnnìjìnnì mú mi, dípò kí ọwọ́ ọ̀tún mi tú ibi tí a ti ń fún un lépo sílẹ̀, ńṣe ló tún yí i kó sáré sí i. Tìpà tó kó yanrìn ń bọ̀ láti apá òsì. Mo já sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Òun àti máṣíìnì lọ sábẹ́ táyà.

Orúnkún mi bó. Òun, ìbàdí rẹ̀ fọ́, itan rẹ̀ méjèèjì fọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń lọ sínú níbi tí wọn ò rí.

Ìyẹn ni. Kò sí ohun mìíràn.

Ọjọ́ Jímọ̀, 31 Oṣù Kẹwàá

Ọlọ́pàá méjì wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Èmi àti Àǹtí Kùdí wà níbẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo la ẹnu. Bọ̀ọ̀dá Payí yára jù mí lọ. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ìkókó lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ. "Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ló já. Ọmọ yìí ò mọwọ́ mẹsẹ̀." Wọ́n ní àwọn ti rí i, wáyà já lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó já. Táyà tìpà ló já a.

Wọ́n béèrè ẹni tó tà á fún wa. Ó dárúkọ rẹ̀.

Ó yí ojú sí mi. Mo pa ẹnu mi dé.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Ó kú lánàá kí oòrùn tó là. A sin ín ní ọ̀sán. Àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ní Ikúmápàyí torí pé ọmọ mẹ́ta ti kú ṣáájú rẹ̀. Èmi ni mo wá…

Mi ò lè.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ti mú Mákánjúọlá láti Mọ́ńdè. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé. Wọ́n ní apààyàn ni, ó ń ta òkú máṣíìnì fún ọmọ ènìyàn. Mo gba ibẹ̀ kọjá lónìí. Wọ́n ti tú irinṣẹ́ rẹ̀ dà sínú gọ́tà. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń fi igi wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú omi dúdú. Ó rí mi, ó sì mọ̀ mí láti ọjọ́ tí mo wá ra máṣíìnì. Ó kúnlẹ̀ fún mi — èmi! — ó ní kí n bá òun bẹ ẹbí olóògbé, ọkọ òun kì í ṣe ènìyàn burúkú.

Mo ní kó dìde. Mo sáré lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Àwọn àgbà ẹbí ti Ìséyìn wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yẹn gbọ́dọ̀ dé kóòtù. Gbogbo wọn ń bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ní Ọlọ́run ló yọ mí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Ó ń fọ abọ́. Kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ẹnu wo lo fẹ́ fi sọ ọ́ fún ọlọ́pàá? Àbúrò mi ti bá ọ sọ ọ́. Ohun tó fi sílẹ̀ fún ọ nìyẹn. Ikú ti mú ọ̀kan lọ́wọ́ mi, kí ẹ̀wọ̀n tún wá mú ìkejì?"

Mo ní Mákánjúọlá náà ní ìyá.

Ó ní, "Mi ò mọ ìyá rẹ̀." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ọṣẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bó ṣe yẹ kó sun ún láti ọjọ́ tí a ti sin ín.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ sí tẹ́ṣàn láàárọ̀. Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ béèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ẹbí Mákánjúọlá ló fún mi ní nǹkan. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo gbé ọwọ́ lé orí tábìlì rẹ̀. Ó ní kí n ka ohun tí òun kọ, kí n buwọ́ lù ú. Wọ́n fi mí síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Màámi ló wá dúró fún mi, òun àti onílé wa. Wọ́n ní ẹjọ́ máa wà. Mo mọ̀.

Wọ́n mú Mákánjúọlá jáde. Ètè rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ kan kò ní bàtà. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Ó kọjá lára mi lọ. Kò wò mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kọkànlá

Ẹbí ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó wá. Fóònù kò dún.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kọkànlá

Àǹtí Kùdí wá lọ́sàn-án yìí nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Kò yẹ kó jáde nílé, opó ni, ṣùgbọ́n ó wá. Kò jókòó. Màámi fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní èmi ni òun wá bá.

Ó ní, "Ìbéèrè kan ni. Ṣé ìwọ lo ní kó pa irọ́ yẹn?"

Mo ní rárá. Mo ní ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ ọ́, mo sì dákẹ́.

Ó mi orí pẹ́. Ó ní, "Ó lo òru kan sí i láyé lẹ́yìn irọ́ yẹn. O mọ̀ pé yóò kú. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa. O jókòó tì í, ò ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, o jẹ́ kó gbé irọ́ lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fi ìborùn nu ojú. Ó ní, "Máṣíìnì yẹn dùn mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ọ̀kadà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn nìkan ló ń kọrin nínú balùwẹ̀." Lẹ́yìn náà ló wá jókòó. Omi tí Màámi gbé fún un, kò mu ún.

Nígbà tó dìde, mo rò pé á gégùn-ún fún mi. Mo ti múra sílẹ̀. Ó ní aṣọ ọkọ òun ṣì wà lórí okùn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, òjò ti pa á, oòrùn ti gbẹ ẹ́, òun ò lè fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n wá ká a lọ́la.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí."

Ó ní, "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó lọ.